Bí Iṣẹ́ Bá Bọ́ Lọ́wọ́ Ẹni: Àtọ́nà fún Òṣìṣẹ́ Mowe, Ibafo àti Ìfọ̀

Orí yìí wà fún ẹni tí ó fi Mowe, Ibafo tàbí Ìfọ̀ ṣe ibùgbé, tí ó sì ń jẹun lábẹ́ ọ̀gá: òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ní Ọ̀tà, akọ̀wé ní Ìkẹjà, awakọ̀ tí ń kó sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò, olùkọ́ ilé-ìwé aládàáni, bíríkìlà tí ó ń tẹ̀lé kọngílá, àti ọmọge tí ń dúró ti ọjà ní ilé-ìtajà ńlá. N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Kò sí ọ́fíìsì ìjọba kan ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ìbáà ṣe ti àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìbílẹ̀, tí ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè gbà lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí wọ́n sì máa san owó oúnjẹ fún un lóṣooṣù títí yóò fi rí iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé ó wà, tí ó sì ní kí ẹ mú owó fọ́ọ̀mù wá, olè ni.

Àwọn ará wa tí wọ́n wà ní Houston àti ní Maryland a máa sọ fún wa pé ìjọba ìpínlẹ̀ ń fún àwọn lówó nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá dá wọn dúró, òótọ́ ni wọ́n sì ń sọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe òfin irú rẹ̀ láti ọdún 1911. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Wisconsin ni ó kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1932, kí òfin àpapọ̀ tó tẹ̀lé e ní ọdún 1935, tí ó sì fi í sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti máa bójú tó ti rẹ̀, kí àwọn agbanisíṣẹ́ sì máa dá owó sí i nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ, kí ó lè wà nílẹ̀ de ìgbà tí iṣẹ́ bá dáwọ́ dúró. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 pàápàá kò gbàgbé ọ̀ràn yìí, nítorí abala kẹrìndínlógún rẹ̀ ní kí ìjọba gbé ètò rẹ̀ gba ọ̀nà tí aláìníṣẹ́, aláìsàn àti arúgbó yóò fi rí ìrànwọ́ gbà; ṣùgbọ́n abala kẹfà inú ìwé kan náà ti sé ilẹ̀kùn ilé-ẹjọ́ mọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí ìlérí náà. Bí ọwọ́ ẹni kò bá sì tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè irú ikú tí ó pa baba ẹni. Nítorí náà, ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ òṣìṣẹ́ lónìí ni a ó fi orí yìí sọ, a ó sì sọ ọ́ dé gbòǹgbò.

Kì í ṣe pé àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá kò gbìyànjú rí. Ní ọdún 1954 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, fi ṣílè márùn-ún lójúmọ́ ṣe owó iṣẹ́ tí ó kéré jù lọ. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 sì ti mú kí ọmọ ilé-ìwé pọ̀ ju iṣẹ́ akọ̀wé lọ, ìjọba kan náà dá àwọn ibùdó oko sílẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ lè rí ọwọ́ fi gbọ́ bùkátà. Ní ìgbà tiwa, Ọ̀ṣun gba ẹgbàáwàá ọ̀dọ́, èyí ni 20,000, sí iṣẹ́ ìlú ní ọdún 2010, ó sì ń san ₦10,000 fún wọn lóṣù. Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn arúgbó ní ₦5,000 lóṣù ní ọdún 2011. Èkó sì fi òfin dá àpò owó kan sílẹ̀ ní ọdún 2016, tí a ń pè ní LSETF, láti máa yá àwọn oníṣòwò kékeré lówó àti láti máa kọ́ àwọn aláìníṣẹ́ níṣẹ́. Ará Èkó ni Èkó ṣe tirẹ̀ fún. Ẹni tí kò bá ní ìwé pé Èkó ni òun ń gbé kò lè fọwọ́ kàn án, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti ń làágùn ní Ìkẹjà. Ọ̀rọ̀ yìí kan ará Mowe àti Ibafo gbọ̀ngbọ̀n, ó sì gba àlàyé.

Ìlú ojú irin ni Ìfọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fa ojú irin láti Èkó gba Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀ka tí ó lọ sí Ìlaròó àti Ìdógò ti yà kúrò lára ojú irin ńlá. Ọjà àti iṣẹ́ ti wà níbẹ̀ pẹ́. Ṣùgbọ́n abúlé oko ni Mowe àti Ibafo títí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn fi ṣí ní ọdún 1978, ọdún méjì lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Bí owó ilé sì ti ń gòkè sí i ní Èkó ni àwọn òṣìṣẹ́ Èkó ń ṣí wá sí ìhà ibí, tí wọ́n ń ra ilẹ̀ ìdajì púlọ́ọ̀tì, tí wọ́n ń kọ́ yàrá méjì, tí wọ́n sì ń gbé inú rẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Agogo márùn-ún ìdájí kì í bá wọn lórí ibùsùn. Ẹ dúró ní ibùdókọ̀ Mowe ní àkókò náà, ẹ ó rí obìnrin tí ó gbé bàtà iṣẹ́ sínú báàgì tí ó fi sílípáàsì rìn nínú ẹrẹ̀, ọkùnrin tí ó ti wọ aṣọ ilé-iṣẹ́ tán tí ó fi jákẹ́ẹ̀tì bò ó, olùṣọ́ òru tí ó ń bọ̀ láti Èkó bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lọ, àti kọ́ńdọ́ tí ń pariwo Berger àti Ojota bí ẹni pé ó ń kígbe iná. Èkó ni gbogbo wọn ń bá ṣiṣẹ́. Ògùn ni wọ́n ń sùn sí.

Nítorí èyí ni ẹ fi gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ohun tí ó ń tẹ̀lé ilé àti ohun tí ó ń tẹ̀lé iṣẹ́.

Ohun tí ó ń tẹ̀lé ilé

Owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù, ilé ni ó ń tẹ̀lé. Ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ni òfin ní kí a san án fún, kì í ṣe ìpínlẹ̀ tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Nítorí náà Ògùn ni owó orí ará Ibafo tọ́ sí, bí ó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island. Ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé owó ilé-iṣẹ́ yín ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń san tiyín fún. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ìjọba tàbí tí ẹ bá fẹ́ gba iṣẹ́ kọngílá kékeré kan ni ẹ ó mọ ìwúlò ìbéèrè yìí, nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ mú ìwé ẹ̀rí owó orí wá tí ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé kò sì ní orúkọ yín nínú ìwé rẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí ibùgbé láti ìjọba ìbílẹ̀ náà, ilé ni ó ń tẹ̀lé. Ará Ìfọ̀ kò ní í rìn jìnnà, nítorí ìlú wọn gan-an ni olú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀ wà. Ará Mowe àti Ibafo wà lábẹ́ Ọbáfẹ́mi-Owódé, Owódé sì ni wọ́n ń lọ. Kí wọ́n tètè jí, kí wọ́n sì mú ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé owó ilé àti nọ́ńbà NIN dání. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣí ojú ìwé kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2019 tí àwọn tí ń wá iṣẹ́ lè fi orúkọ sílẹ̀ sí. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀, kò gba owó. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ jókòó sílé, nítorí fífi orúkọ sílẹ̀ yàtọ̀ sí rírí iṣẹ́. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní NDE, tí ó ti wà láti ọdún 1986, ní ọ́fíìsì ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì ń kọ́ni níṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021 ni gómìnà Èkó àti ti Ògùn tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn yóò jọ dá àjọ ìdàgbàsókè kan sílẹ̀ fún àwọn ìlú ààlà. Lójú tèmi, bí àjọ bẹ́ẹ̀ yóò bá ṣe ohun kan péré, kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí tí òógùn wọn ń kán sílẹ̀ ní apá kan tí orí wọn sì ń sùn ní apá kejì, kí ó má ṣe jẹ́ pé ìpínlẹ̀ méjèèjì ni yóò máa jẹ nínú wọn tí kò ní í sí èyí tí yóò dá wọn mọ̀ ní ọjọ́ ìṣòro.

Ohun tí ó ń tẹ̀lé iṣẹ́

Ibí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí, ibí náà sì ni àìmọ̀ ti ń pa àwọn ènìyàn wa lára jù. Ọdún 2023 kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ tó. Ní oṣù kẹta, Unilever kéde pé òun kò ní í ṣe ọṣẹ ìfọṣọ àti ọṣẹ ìwẹ̀ mọ́ ní ilẹ̀ yìí; ní oṣù kẹjọ, GSK, ilé-iṣẹ́ oògùn, kéde pé òun ń kógbá sílé; ní oṣù kejìlá, Procter & Gamble náà ní àwọn yóò dáwọ́ ṣíṣe nǹkan ní Nàìjíríà dúró, àwọn yóò kàn máa kó o wá láti òkè òkun. Ilé-iṣẹ́ tí ó ti wà kí á tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa lè kógbá sílé láàárín oṣù mélòó kan, bí ó bá sì lọ, àwọn tí ń ta oúnjẹ lẹ́nu géètì rẹ̀ àti àwọn ọlọ́kọ̀ tí ń kẹ́rù rẹ̀ yóò bá a lọ. Òjò ń rọ̀, orò ń ké, atọ́kùn àlùgbè tí kò láṣọ méjì a sùn ní ìhòòhò.

Aṣọ kejì òṣìṣẹ́ ni ìwé. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, tí ó ti wà láti ọdún 1971, sọ pé kí oṣù mẹ́ta tó pé lẹ́yìn tí ẹnìkan bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ọ̀gá rẹ̀ ti fún un ní ìwé tí ó sọ orúkọ àwọn méjèèjì, irú iṣẹ́ náà, iye owó rẹ̀, ìgbà tí wọn yóò máa san án, àti iye ọjọ́ tí ẹnì kan yóò fi tọ́ ẹnì kejì létí kí wọ́n tó pínyà. Ẹni tí òfin yìí ń sọ ni òṣìṣẹ́ tí ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé. Àwọn ọ̀gá àti àwọn onímọ̀ ńlá, ìwé àdéhùn tiwọn ni wọn yóò máa tẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní àwọn ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà ni wọ́n ń pè ní kásúà, tí ó jẹ́ pé agbódegbà ni ó kó wọn wọlé, tí kò sì sí ìwé kankan lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má ṣe sọ̀rètí nù. Kí ó wá àpò nílọ́ọ̀nù kan, kí ó kó káàdì géètì rẹ̀ sínú rẹ̀, kí ó ní kí báńkì tẹ ìwé owó tí ó ń wọlé lóṣooṣù jáde, kí ó tọ́jú àwòrán orúkọ rẹ̀ lára ìwé iṣẹ́ òru àti ọ̀sán tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, kí ó sì fi àpò náà sí ibi tí òjò kò lè dé. Bí ọ̀ràn bá dé iwájú onídàájọ́, ohun tí ó wà nínú àpò yìí ni yóò gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Bí ọ̀gá bá fẹ́ dá òṣìṣẹ́ dúró, òfin ní iye ọjọ́ ìkìlọ̀ tí ó gbọ́dọ̀ fún un. Ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ kan. Ẹni tí ó ti ju oṣù mẹ́ta lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí ó ti pé ọdún méjì tí kò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí ó ti pé ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan gbáko. Ìkìlọ̀ tí ó bá tó ọ̀sẹ̀ kan gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a kọ sílẹ̀, ti ẹnu kò tó. Ọ̀gá lè ní kí ẹ máa lọ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó san owó àwọn ọjọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ni kò tó mọ́ tí wọ́n fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ àti iye ènìyàn tí ó kàn fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹni tí ó dé kẹ́yìn ni yóò sì kọ́kọ́ lọ, àfi bí ìmọ̀ iṣẹ́ bá fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn. Òfin kò dá iye owó ìdágbére lé ilé-iṣẹ́ lórí. Ó kàn ní kí wọ́n gbìyànjú láti bá àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sọ ọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ gbogbo ẹni tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá wà ní ilé-iṣẹ́ rẹ̀ pé kí ó wọ̀ ọ́, nítorí àìrìn pọ̀ ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà.

Owó ìfẹ̀yìntì ni ó wá súnmọ́ owó ìrànwọ́ aláìníṣẹ́ jù lọ ní ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ ni kò sì mọ̀. Òfin ọdún 2014 sọ pé ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó 15 gbọ́dọ̀ máa yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó òṣìṣẹ́, kí ọ̀gá fi ìdá 10 tirẹ̀ kún un, kí ó sì kó o ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí ó bá ti san owó oṣù. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pé ọdún 50, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá tí kò rí òmíràn, ó lè gba ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ó wà nínú àpò náà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí owó oṣù, owó ilé àti owó ọkọ̀ ẹnìkan bá jẹ́ ₦100,000, ₦8,000 ni yóò ti ọwọ́ tirẹ̀ wá, ₦10,000 láti ọwọ́ ọ̀gá, èyí tí í ṣe ₦18,000 lóṣù. Ní ọdún mẹ́ta ó di ₦648,000 láìka èrè mọ́ ọn, ìdá 25 rẹ̀ sì jẹ́ ₦162,000. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó lè san owó ilé-ìwé táàmù kan, kí ó sì ra ẹ̀rọ ìránṣọ kan. Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni òfin ní kí ó yan iléeṣẹ́ tí yóò máa tọ́jú owó yìí fún un, kì í ṣe ọ̀gá. Ọ̀gá tí ó bá yọ owó lára òṣìṣẹ́ tí kò kó o lọ ti rú òfin, ìtanràn sì wà lórí rẹ̀ fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí ó bá fi falẹ̀.

Ẹni tí ó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Láti ọdún 2010 ni òfin ti ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tí ó ń san fún àjọ ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní NSITF, kí wọ́n lè máa tọ́jú ẹni tí ẹ̀rọ bá gé lọ́wọ́ tàbí ẹni tí ó bá ṣubú láti orí àkàbà, àti ìdílé ẹni tí ó bá kú. Kí òṣìṣẹ́ sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14, kí ó má sì jẹ́ kí ọdún kan kọjá kí ó tó béèrè. Ní ti owó iṣẹ́ tí ó kéré jù lọ, ₦70,000 ni òfin ọdún 2024 pè é fún ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó 25. Ògùn fi ₦77,000 ṣe ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tirẹ̀.

Bí wọ́n bá fi èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí dù yín, ẹ kọ́kọ́ kọ ìwé sí ọ̀gá pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, ẹ lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀ràn òṣìṣẹ́ ní Abẹ́òkúta. Ilé-ẹjọ́ tí ó wà fún ọ̀ràn òṣìṣẹ́ nìkan ní ẹ̀ka ní Èkó àti ní Ìbàdàn. Ẹni tí kò bá sì lágbára láti gba lọ́yà, kí ó tọ ìgbìmọ̀ Legal Aid lọ.

Ohun tí a lè fi ọwọ́ ara wa ṣe

Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí kò yẹ kí wọ́n máa kọ́ ọ̀rọ̀ ìrànwọ́ lọ́dọ̀ òyìnbó. Nígbà tí àwọn ìlàrí, ìránṣẹ́ ọba Ọ̀yọ́, ń ni àwọn baba wa lára, àáró oko ni Lísàbí, Agbòǹgbò Àkàlà, fi kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, tí wọ́n ń ro oko ẹnìkan lónìí tí wọ́n ń ro ti ẹlòmíràn lọ́la. Inú àáró náà ni ọ̀wọ́ ọmọ-ogun tí ó gba Ẹ̀gbá sílẹ̀ ti jáde. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni àáró ìgbà tiwa. Láti ọdún 1935 ni òfin ti dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀ ní Nàìjíríà, ó sì sàn kí ẹ wọ èyí tí ó ní ìwé ìjọba ju èyí tí ẹnìkan ṣoṣo ń kó owó rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí lọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹgbẹ́ tí ó wà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní Mowe, ní Ibafo àti ní Ìfọ̀ ya owó kan sọ́tọ̀, bí ó ti wù kí ó kéré mọ, tí ọmọ ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò máa gbà fún oṣù mẹ́ta láìsan èlé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé òfin ẹgbẹ́. Èrò kan náà ni ó wà nídìí ti Wisconsin: kí owó ti wà nílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bọ́.

Iṣẹ́ kò sì tán ní àyíká wa. Ilé kò dáwọ́ kíkọ́ dúró láti Arepo dé Ṣímáwà, nítorí náà ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ táìlì, iṣẹ́ omi tàbí iṣẹ́ iná dáadáa kì í pẹ́ jókòó. Ọ̀fàdà kò jìnnà sí Mowe, ìrẹsì rẹ̀ sì ní orúkọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ oṣù ni èrò máa ń wọ́ lọ sí ibùdó ìjọ Rídíìmù, àwọn tí ń ta oúnjẹ àti omi sì mọ èrè rẹ̀. Ní ìhà Ìfọ̀, Ewékorò ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì láti ọdún 1960, ilé-iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ láti máa to wágọ́nù ọkọ̀ ojú irin jọ wà ní Kajọlà, ọkọ̀ ojú irin titun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2021 sì ń dúró níbẹ̀ àti ní Papalantó.

Kí ẹ ṣọ́ra fún ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ òpó iná pé ilé-iṣẹ́ kan ń wá òṣìṣẹ́ ní kíákíá. Ẹni tí yóò bá máa bá ènìyàn wá iṣẹ́ gba owó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọwọ́ mínísítà ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹ ní kí ó mú un jáde kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀.

Ẹni tí iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó ń ka orí yìí ni mo ń bẹ̀ jù lọ. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí ó béèrè ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ bí kò bá ní in, kí ó sì kàn sí iléeṣẹ́ tí ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, kí wọ́n fi iye tí ó ti wọlé láti ọdún tí ó ti bẹ̀rẹ̀ hàn án lóṣù lóṣù. Owó oṣù méjì tí kò wọlé, ọ̀rọ̀ ẹnu lè yanjú rẹ̀. Ti ọdún mẹ́fà, ilé-ẹjọ́ ni yóò gbé e dé.